Tíọ́rì ni tàbí ìdánwò? Èsì fún àbúrò kan tó fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì pátíkù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Kubwa ni mo ń gbé, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí másítà nínú físíìsì. Mo fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì pátíkù, ṣùgbọ́n ọkàn mi pín sí méjì láàárín tíọ́rì, tí a ń fi ìṣirò ṣe, àti ìdánwò, tí a ń fi ẹ̀rọ ṣe. Àwọn olùkọ́ mi ní kí n yan tíọ́rì, nítorí pé bíírò àti ìwé nìkan ló ń fẹ́, a kò sì ní ẹ̀rọ ìdánwò ní Nàìjíríà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Jámánì ní ìdánwò ni kí n ṣe, pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì? Ṣé mo lè ti ibí bẹ̀rẹ̀? Ìyá mi náà sì ń béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ẹ̀kọ́ yìí ṣe.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ìbéèrè yìí gan-an ni èmi náà béèrè nígbà tí mo parí másítà, èsì tí wọ́n fún mi nígbà náà kò sì yàtọ̀ sí èyí tí àwọn olùkọ́ rẹ fún ọ. Wọ́n ní tálákà ní í ṣe tíọ́rì, olówó ní í ṣe ìdánwò. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wa lára débi pé a kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ ni pé kí o má ṣe fi owó yàn, kí o má sì ṣe fi iyì yàn. Iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ yóò máa ṣe lójoojúmọ́ ní ọdún kẹta, nígbà tí ayọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ bá ti rọlẹ̀ tí òpin kò sì tíì hàn, ni kí o wò, kí o sì bi ara rẹ léèrè bóyá o lè fara dà á.

Kí ìyá rẹ lè bá wa dé e, jẹ́ kí n sọ ní ṣókí ohun tí ẹ̀kọ́ yìí dá lé lórí. Bí a bá fọ́ òkúta títí, a ó kan átọ́ọ̀mù. Inú átọ́ọ̀mù ni a ti bá electron, àti nucleus tó wà láàárín. Nucleus ní proton àti neutron nínú, àwọn náà sì ní quark nínú. Títí di òní, kò sí ẹni tó tíì rí ohun kankan nínú quark tàbí nínú electron. Àwọn wóró tín-ín-tìn-ín tí a kò rí ohun tó kéré jù wọ́n lọ yìí ni a ń ṣèwádìí wọn, àti agbára tó ń so wọ́n pọ̀ tàbí tó ń lé wọn sá fún ara wọn. Wọn kò sì jìnnà sí wa rárá. Bí o bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ sílẹ̀ ní Kubwa níbi tí o jókòó sí, pátíkù kan tí a ń pè ní muon yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá ní nǹkan bí ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bíi kìlómítà 15 lókè orí wa ni wọ́n ti ń wá, níbi tí àwọn pátíkù tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ ti ń kọlu afẹ́fẹ́ ayé.

Ó kù sí orí tíọ́rì. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ bíírò àti ìwé, ṣùgbọ́n òótọ́ àtijọ́ ni. Ní ọdún 1948, Julian Schwinger ṣírò bí agbára òòfà electron ṣe fi díẹ̀ yàtọ̀ sí iye tí wọ́n ti ń retí tẹ́lẹ̀. Àwòrán kan ṣoṣo, irú èyí tí a ń pè ní àwòrán Feynman, tí a fi ń ya bí àwọn pátíkù ṣe ń bá ara wọn pàdé kí a lè ṣírò rẹ̀, ló gbé ìṣirò náà, èsì rẹ̀ sì kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n tí àwọn aṣèdánwò ń mú wá ti ń péye sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò náà gbọ́dọ̀ máa jinlẹ̀ sí i. Nígbà tí Toichiro Kinoshita àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ dé ìpele karùn-ún, tí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2012, àwòrán náà ti di 12,672. Bíírò wo ló fẹ́ gbé ìyẹn? Kọ̀ǹpútà alágbára ni wọ́n fi ṣe é, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, ẹni tó bá yan tíọ́rì nítorí pé kò fẹ́ kọ́ bí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti ṣìnà láti ẹnu ọ̀nà.

Tíọ́rì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Àwọn kan ń lépa ìmọ̀ ìṣirò tó wà lẹ́yìn gbogbo òfin wọ̀nyí, iṣẹ́ wọn sì sún mọ́ ti àwọn onímọ̀ ìṣirò gidi ju ti aṣèdánwò lọ. Àwọn kan ń pín àyè àti àkókò sí ojú-ojú bí àwọ̀n apẹja, kí kọ̀ǹpútà lè ṣírò agbára tó di àwọn quark pọ̀. Lattice QCD ni wọ́n ń pe tiwọn. Àwọn kẹta, tí wọ́n ń pe iṣẹ́ wọn ní phenomenology, dúró sí àárín: wọ́n ń mú èrò tíọ́rì, wọ́n ń sọ ohun tí yóò hàn nínú ẹ̀rọ bí èrò náà bá jẹ́ òótọ́, wọ́n sì ń fi dátà tí àwọn aṣèdánwò ti gbé jáde díwọ̀n rẹ̀. Fún ẹni tó ń ti Àbújá bẹ̀rẹ̀, mo gbà pé ẹ̀ka kẹta yìí ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ jù, nítorí pé irinṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́, tó fi mọ́ àwọn ètò kọ̀ǹpútà bíi MadGraph àti Pythia tí kọ̀ǹpútà alágbèéká tó dára díẹ̀ lè gbé.

Báwo ni ọjọ́ onítíọ́rì ṣe rí? Ọdún kìn-ín-ní àti apá kan nínú ọdún kejì, kíkà ni, quantum field theory, ìyẹn ìmọ̀ ìṣirò tí tíọ́rì pátíkù dúró lé, ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, alábòójútó yóò fún ọ ní ìṣirò kan tó dà bí ẹni pé ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò gbà. Oṣù mẹ́rin ni yóò gbà, àmì ìyọkúrò kan tó sọnù ní ojú ewé kẹta yóò sì ba gbogbo ohun tó tẹ̀lé e jẹ́. Ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ní í sábà kọ orúkọ sí àpilẹ̀kọ kan, èyí tó túmọ̀ sí pé bí o kò bá ṣiṣẹ́ lónìí, iṣẹ́ kò kúrò lójú kan. Ó sì ṣeé ṣe kí o jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí o ṣí arXiv, níbi tí gbogbo wa ti ń kó àpilẹ̀kọ wa sí láti ọdún 1991, kí o rí i pé àwọn kan ní orílẹ̀-èdè mìíràn ti parí ohun tí o fi ọdún kan ṣe. Ẹni tó fẹ́ràn ìdánìkanwà, tí ọkàn rẹ̀ sì máa ń fò fáyọ̀ nígbà tí ìdọ́gba ojú ewé méjì bá rún di ìlà kan, yóò gbádùn ayé yìí. Ẹni tó nílò ẹgbẹ́ kí ó tó lè ṣiṣẹ́ yóò jìyà níbẹ̀.

Ní ti ìdánwò, ibẹ̀ ni mo ti gba oyè tèmi, èmi yóò sì pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó tóbi jù lọ ni LHC, tó ń mú kí àwọn proton sáré kí wọ́n sì kọlu ara wọn. Ó wà ní CERN, ilé ìwádìí físíìsì pátíkù ti ilẹ̀ Yúróòpù, ní ààlà ilẹ̀ Swítsálándì àti Faransé. Òrùka ni, àyíká rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 27, wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 100. Òòfà ńláńlá 1,232, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 15, ló ń tẹ ipa ọ̀nà àwọn proton kí wọ́n lè máa yí po nínú rẹ̀, àwọn òòfà náà sì gbọ́dọ̀ tutù dé ìwọ̀n 271 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìṣùpọ̀ proton méjì-méjì lè pàdé ara wọn tó ìgbà mílíọ̀nù 40 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Kò sí ibi tí a lè kó gbogbo ìyẹn sí, nítorí náà a ṣe ètò kan tí a ń pè ní trigger, tí ń pinnu lójú ẹsẹ̀ èyí tí a ó tọ́jú. Èyí tó pọ̀ jù lọ yóò sì dànù títí láé. Ó dà bí ẹni tó ń fi ajọ̀ jọ èlùbọ́, tí ohun tó bá ti dà nù kò sì ṣeé kó mọ́. Àwọn ènìyàn wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ajọ̀ yìí nìkan ni wọ́n fi gba oyè ọ̀mọ̀wé wọn, mo sì ka iṣẹ́ wọn sí iṣẹ́ ńlá.

Nǹkan bíi 3,000 onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni orúkọ wọn máa ń wà lórí àpilẹ̀kọ ATLAS, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ aṣàwárí tó yí ibi ìkọlù náà ká. Kí orúkọ rẹ tó lè wọ ibẹ̀, wọn yóò fún ọ ní iṣẹ́ ìsìn kan tí o máa ń ṣe tó nǹkan bí ọdún kan: o lè jẹ́ ẹni tí yóò yẹ ìwọ̀n apá kan nínú ẹ̀rọ náà wò, tàbí ẹni tí yóò tún ètò kọ̀ǹpútà kan ṣe. Lẹ́yìn náà ni ìwọ àti àwọn mélòó kan yóò mú ìbéèrè kan, tí ẹ ó sì máa wá èsì rẹ̀ nínú dátà. Ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í tán, ìṣọ́ òru wà nínú yàrá ìdarí ẹ̀rọ, kò sì sí ohun tí o kọ tí ènìyàn ogún kò ní bi ọ́ léèrè nípa rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè gba ìbáwí iṣẹ́ láìbínú kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ìwà kan wà tí mo fẹ́ràn lọ́wọ́ àwọn aṣèdánwò ju gbogbo ìwà wọn yòókù lọ. Kí wọ́n tó wo ibi tí wọ́n rò pé ohun tuntun yóò ti yọjú nínú dátà, wọ́n á kọ́kọ́ bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Dátà àfarawé tí kọ̀ǹpútà ṣe, àti apá ibi tí ohun tuntun kò lè sí nínú dátà gidi, ni wọ́n fi ń ṣètò gbogbo ọ̀nà tí wọn yóò gbà ka èsì, ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn bá sì ti yẹ ọ̀nà náà wò tí wọ́n fọwọ́ sí i ni wọ́n tó ń ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ojú ènìyàn máa ń rí ohun tí ọkàn rẹ̀ ń wá. Bí nǹkan bá tilẹ̀ wá hàn, a kì í pè é ní ìṣàwárí àyàfi tó bá dé ìwọ̀n sigma márùn-ún, èyí tó túmọ̀ sí pé bí kò bá sí ohun tuntun kankan níbẹ̀, àǹfààní pé èèṣì lásán yóò gbé irú àmì bẹ́ẹ̀ yọ kò ju ẹyọ kan nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀.

Mo kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lára ara mi. Ní ọdún kẹta mi, mo rí òkè kékeré kan nínú dátà mi níbi tí kò yẹ kí òkè wà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni n kò fi sùn dáadáa, mo ti ń ro bí n óò ṣe pe bàbá mi nílé. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò dé ìdí, okùn kan tó ti kú nínú apá kan ẹ̀rọ ló ń ṣe é, kò sí ohun tuntun kankan. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ju mí lọ ti bọ́ sínú irú rẹ̀ rí: ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, àwọn ẹgbẹ́ OPERA ní Ítálì kéde pé neutrino, irú pátíkù kan tín-ín-tìn-ín, tó ti CERN wá, ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 730, fi ìdá bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá 60 dé ṣáájú ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ ì bá fi dé. Nígbà tó di ọdún 2012, wọ́n rí i pé okùn ìmọ́lẹ̀ kan tí kò wọlé dáadáa ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ síta fún gbogbo ayé. Ìyẹn kò dín wọn kù lójú mi.

Má ṣe rò pé ẹ̀ka méjèèjì yìí lè dá wà láìsí èkejì. Ọdún 1964 ni François Englert àti Robert Brout, àti Peter Higgs lọ́tọ̀, fi tíọ́rì sọ ohun tó bí èrò pátíkù tí a fi orúkọ Higgs pè. Ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2012 ni ATLAS àti CMS, ẹ̀rọ aṣàwárí mìíràn ní LHC, tó kéde pé àwọn ti rí i. Ọdún 48 ni. Àpẹẹrẹ tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti muon. Ní ọdún 2013, wọ́n gbé òrùka òòfà kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 15 láti New York lọ sí Fermilab, ilé ìwádìí pátíkù ti Amẹ́ríkà nítòsí Chicago, ojú omi ni wọ́n sì gbé e gbà jù, kí wọ́n lè tún agbára òòfà muon wọ̀n. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021 wọ́n kéde èsì wọn: ó yàtọ̀ sí iye tí ọ̀pọ̀ onítíọ́rì fọwọ́ sí, ìyàtọ̀ náà sì dé sigma mẹ́rin ó lé díẹ̀. Gbogbo ayé pariwo pé òfin tuntun ti dé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan náà, àwọn onílattice kan gbé ìṣirò tiwọn jáde, èyí tó sún mọ́ èsì ìdánwò náà ju ti àwọn yòókù lọ. Nígbà tí ọdún 2025 fi dé, àwọn onítíọ́rì ti gba ọ̀nà lattice náà, àlàfo tó wà láàárín tíọ́rì àti ìdánwò sì ti dí. Wò ó bí ó ti rí: àwọn aṣèdánwò kò ṣìṣe, ìṣirò ló gbọ́dọ̀ padà lọ tún ara rẹ̀ ṣe, kò sì sí ẹni tó lè mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìsí àwọn méjèèjì.

O béèrè bóyá o lè ti ibí bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀ kí o tó kọ lẹ́tà kankan sí yunifásítì. Fún ara rẹ ní oṣù mẹ́ta. Láti ọdún 2014 ni CERN ti ń gbé apá kan nínú dátà rẹ̀ síta fún ẹnikẹ́ni. Wá dátà CMS tí muon méjì wà nínú rẹ̀, kọ ètò kékeré ní Python, ṣírò ìwọ̀n pátíkù tó pín sí muon méjèèjì, kí o sì ya àwòrán rẹ̀. Bí o bá ṣe é dáadáa, òkè kan yóò dìde ní ìtòsí 91 GeV (òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn pátíkù): pátíkù tí a ń pè ní Z boson nìyẹn, èyí tí wọ́n ṣàwárí ní CERN ní ọdún 1983, tí ìwọ náà tún ṣàwárí nínú yàrá rẹ ní Kubwa. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan máa ń wa dátà náà sílẹ̀ ní òru, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá yá, kí ó tó fi ọ̀sán ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lábẹ́ iná sólà. Lẹ́yìn náà, gbé bíírò: fi ọwọ́ ara rẹ ṣírò bí electron àti positron, ìyẹn òdìkejì electron, ṣe ń kọlu ara wọn tí wọ́n fi ń di muon méjì, láti orí òfin Feynman títí dé èsì ìkẹyìn, láìwo ìwé. Èwo nínú méjèèjì ló mú ọ gbàgbé oúnjẹ? Èwo ni o ń wá àwáwí láti fi sílẹ̀? Èsì yẹn ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ju ìmọ̀ràn tèmi tàbí ti ẹ̀gbọ́n rẹ lọ.

Bí o bá sì fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ, àwọn kan ní MIT ti gbé àwòrán ẹ̀rọ kékeré tó ń ka muon jáde lọ́fẹ̀ẹ́, CosmicWatch ni wọ́n ń pè é. Owó ohun èlò rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 100 dọ́là, owó ńlá ni lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹni márùn-ún lè dá a. Okùn USB ni iná rẹ̀ ń gbà wọlé, nítorí náà iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kò ní dí ọ lọ́wọ́. Gbé e lọ sí Jos, tó ga ju Àbújá lọ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún mítà. Iye muon tí yóò kà ní wákàtí kan yóò ga sí i, ìwọ yóò sì ti fi ojú ara rẹ rí i pé láti òkè ni wọ́n ti ń wá.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́, AUST (African University of Science and Technology) wà ní Galadimawa níbí ní Àbújá, wọ́n sì ń kọ́ni ní físíìsì tíọ́rì. National Mathematical Centre wà ní Kwali. ABU Zaria ní reactor kékeré kan fún ìwádìí, NIRR-1, láti ọdún 2004. Iṣẹ́ nuclear ni ti Zaria, kì í ṣe ti pátíkù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ bí a ti ń ka ìtànṣán níbẹ̀ kì í ṣe àlejò nídìí ẹ̀rọ aṣàwárí. Láti ibẹ̀, ọ̀nà tí mo máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí ni ICTP, ilé ìwádìí físíìsì tíọ́rì ti àgbáyé ní Trieste, ní ilẹ̀ Ítálì, èyí tí Abdus Salam dá sílẹ̀ ní ọdún 1964 nítorí irú wa gan-an. Ètò dípúlómà ọlọ́dún kan wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tó ń dìde bọ̀, físíìsì agbára gíga sì jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀ka rẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ African School of Physics náà wà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2010. Má sì fojú fo ilẹ̀ Áfíríkà dá: Mòrókò wà nínú ATLAS láti ọdún 1996, Gúúsù Áfíríkà wọ inú rẹ̀ ní 2010, àwọn yunifásítì wọn sì ń gba akẹ́kọ̀ọ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé. CERN fúnra rẹ̀ kì í fi oyè jẹ ẹnikẹ́ni. Yunifásítì ni yóò fún ọ lóyè, CERN ni o ti ń ṣiṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ọdún márùn-ún sí mẹ́fà ni, ọdún méjì àkọ́kọ́ sì jẹ́ ti kíláàsì. Ní Jámánì, wọ́n sábà máa ń gbà ọ́ sí iṣẹ́ pẹ̀lú owó oṣù fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin.

Alábòójútó ṣe pàtàkì ju orúkọ yunifásítì lọ. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: kọ lẹ́tà sí àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ rẹ̀, kí o béèrè iye ọdún tí wọ́n lò, iye ìgbà tí ó ń pàdé wọn nínú oṣù, àti ibi tí wọ́n wà báyìí. Bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ dá ọ lóhùn nípa ènìyàn kan, ìyẹn náà jẹ́ èsì.

Kí o sọ fún ìyá rẹ pé òótọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni ẹ̀gbọ́n rẹ sọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gba oyè yìí, níhà méjèèjì, kò dúró sí yunifásítì. Ilé ìfowópamọ́, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ ìtànṣán, àti àwọn ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń wá wọn, nítorí pé wọ́n mọ bí a ti ń fa òótọ́ yọ láti inú dátà tó kún fún ariwo. Onítíọ́rì tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa kò gbẹ́yìn nínú èyí.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta yẹn bá pé, fi àwòrán Z boson rẹ àti ìṣirò ọwọ́ rẹ ránṣẹ́ sí mi pa pọ̀, pẹ̀lú gbogbo ibi tí o ti ṣìṣe nínú wọn. Má ṣe tún un kọ kí ó mọ́. Ibi tí o ti pa rẹ́ tí o tún bẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ wò, kí a tó jọ kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí alábòójútó.